Ọta Tó Ta Padà

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ẹni tó ń sọ̀kò rò pé àjèjì ló kún ọjà. Kò rántí pé ìyá òun náà pàtẹ níbẹ̀.

Òwe yìí bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ìbọn BB, ìbọn tó ń yin ọta irin kéékèèké, ṣeré ní kékeré mu wẹ́kú. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí fún àwọn àgbẹ̀ ní Michigan ló ṣe ìbọn BB tí wọ́n ń pè ní Daisy. Ìbọn náà tà débi pé ní 1895 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iléeṣẹ́ náà.

Ọjà tiwọn kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọ́n á to agolo sórí ọgbà, wọ́n á yìnbọn, agolo á fò sókè, ariwo á sọ. Ṣùgbọ́n ọta irin kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí òjé. Tó bá kọlu òkúta, ó lè ta padà. Ta ló sì wà nítòsí bí kò ṣe àbúrò tó ń ṣa agolo?

Àwọn ọmọ náà ti di bàbá àgbà báyìí, wọ́n ń fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín. (Ẹni tí ojú rẹ̀ kò fọ́ ló ń rẹ́rìn-ín o.) Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń ra awò ìdáàbòbò mọ́ ìbọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sì ń ki ìwé ìròyìn sínú páálí kó máa gba ọta dúró.