Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò?

Àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ ní ènìyàn ni àwọn ère òkúta ìlú wọn tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tọkùnrin tobìnrin, tàwọn tonílù wọn, wọ́n wọ̀lú, wọ́n sì di òkúta síbẹ̀. Ohun tó sọ wọ́n di òkúta ni ẹnu kò kò lé lórí. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ dìtẹ̀ mọ́ ọba tó gbà wọ́n. Àwọn mìíràn ní inú ló bí wọn, pé ìlú kò gbà wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n gba àlejò. Èyí ó wù kó jẹ́, àlejò dé, nǹkan kan sì bàjẹ́ láàárín òun àti onílé.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, n kò kà á sí. Ìrìnàjò tí èmi àti ìyàwó mi rìn láàárín ilẹ̀ Ìgbómìnà ló jẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, nítorí àwa náà sùn sílé ẹni tí a kò mọ̀ rí.

Àjàṣẹ́-Ìpo la gbà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà tí a dé Ọ̀mù-Àrán. Ibi tí a ó sùn kò ṣòro rí níbẹ̀. Láti ọdún 2011 tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ nílùú náà, òbí tó ń mú ọmọ wá, òbí tó ń wá wo ọmọ, gbogbo wọn ni yóò wá ibi forí lé. Ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ na fọ́ọ̀mù sí mi: orúkọ, àdírẹ́sì, ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, ẹni tí a lè ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Ó gbà á, kò wò ó, ó tì í bọ abẹ́ ìwé mìíràn, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ pátákó kékeré kan, ó ní aago mẹ́wàá ni àwọn máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Ó tán. Bí mo bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn pé láti inú kànga ni mo ti ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni màá gbà. A sùn dáadáa. Kí n má purọ́, inú ìyàwó mi dùn pé kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ kejì la lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Èrò wa ni pé ká wo àwọn ère, ká sì máa lọ. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìbàdàn ló ní ká kí ìyá òun àgbà, ká kàn yà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kò sóhun tó ń jẹ́ yíyà. A kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ta ni mí? Ìlú wo ni ìyá tó bí mi ti wá? Ọmọ mélòó la bí? Ṣé àwọn òbí ìyàwó mi ṣì wà láyé? Ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù àná ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ ìyá yìí ń dúró de ìdáhùn, bí mo bá sì fò ó, á tún un bi.

“Níbo lẹ sùn lánàá?”

“Hòtẹ́ẹ̀lì ni, ìyá.”

“Hòtẹ́ẹ̀lì? Ṣé ènìyàn ti tán ní Ọ̀mù ni?”

Báyìí la ṣe di ẹni tí kò lè lọ mọ́. Ìyá kó ẹrù tirẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun àti ìyàwó mi ni yóò sùn ní yàrá, èmi àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò wà ní pálọ̀ lórí ẹní. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í ya tọkọtaya, ilé baba ẹni ló ń yà wọ́n. Iyán dé, ẹran dé. Ìyàwó mi ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì nínú mọ́tò pé òun rí ọmọ náà bó ṣe gba ẹ̀yìnkùlé jáde lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n dé lórí, tó sì ń wọlé padà pẹ̀lú abọ́ tó ti wúwo. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Èmi ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, n kò rò ó rí pé wọ́n lè jẹ gbèsè nítorí tèmi. A fún ìyá lówó, kò gbà. A fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, a sáré wọ mọ́tò bí olè.

Ní ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ tí a torí rẹ̀ wá, ère tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, òkúta rírọ̀ tó ṣeé gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn. Mo dúró pẹ́ níwájú obìnrin kan tí imú rẹ̀ ti bó: ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irun rẹ̀ di bí ẹni pé onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí. Jíjókòó ni púpọ̀ nínú wọn jókòó. Ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ fún àlejò nílẹ̀ yìí nìyẹn, ìjókòó, kí omi tó tẹ̀ lé e.

Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ìjọba. Nígbà tó di 1945 wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Jos kò ní tirẹ̀ títí di 1952, Èkó di 1957. Ilé àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí kọ́ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún, bí a bá gba ìtàn gbọ́.

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìrònú mi ti ń dí. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ fúnra wọn sọ pé ìhà Ọ̀yọ́ Ilé làwọn ti ṣí wá, pé ṣe ni àwọn bá àwọn ère náà níbẹ̀. Ẹni tí a bá nílẹ̀ wá di àlejò, ẹni tó dé kẹ́yìn di onílé tó ń rú ẹbọ sí wọn lọ́dọọdún. Àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé, lóòótọ́. Òkúta kì í sì pìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní ẹnu ló pín ipò náà. N kò fi èyí bú Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n lè pe àwọn ère náà ní ohun ìní wọn, kí wọ́n ní baba wọn ló gbẹ́ ẹ, ta ni ì bá já wọn nírọ́? Wọ́n yàn láti pè wọ́n ní àlejò, èyí tí ó ń fa ìnáwó lọ́wọ́ ẹni.

Ìjọba kì í yàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ sì di ẹrù wọn. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà. Ìwé ló dá ẹjọ́ méjèèjì, irú èyí tí ọmọkùnrin hòtẹ́ẹ̀lì yẹn tì bọ abẹ́ ìwé mìíràn, àmọ́ lọ́jọ́ tiwọn, wọ́n kà á.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ gbogbo àròjinlẹ̀ mi yìí. Ó ní ìyá náà tọ́jú wa, ó sì rẹ̀ ẹ́, ìyẹn náà ni ká máa rò. Ó ní bí a bá tún ń lọ, hòtẹ́ẹ̀lì ni òun yóò wọ̀, ká kàn lọ kí ìyá pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹja. Mo ní ká dúró wò ná, torí ìyá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ìbàdàn wá tọ́jú ojú òun, ilé wa ni òun sì ń bọ̀. Yàrá méjì la ní, àwọn ọmọ wà nínú ọ̀kan. Ìyàwó mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: òun àti ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì wa, èmi ní pálọ̀. Mo béèrè títí ìgbà wo. Ó ní ṣé ìyá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi ni?