Ìṣubú Ènìyàn: Ó Ṣubú ni, àbí Ó Wó?

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ìwàásù Kìrìsìtẹ́nì mú wọ Ìlá-Ọ̀ràngún àti ilẹ̀ Ìgbómìnà tó yí i ká, bóyá ni òmíràn wà tó kan ìwà ẹ̀dá gbọ̀ngbọ̀n tó ẹ̀kọ́ ìṣubú ènìyàn, ìyẹn ni pé àìgbọràn Ádámù àti Éfà ba ìran ènìyàn jẹ́ láti ìpìlẹ̀. Orúkọ náà kò sí nínú orí kẹta ìwé Jẹ́nẹ́sísì tí ìtàn náà wà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó dé lẹ́yìn ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Augustine (354–430), bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, sì là á kalẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí di ogún tí olúkúlùkù ń bá wáyé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní “fall”, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ “feallan” nínú èdè wọn àtijọ́, tí ó sì bá “fallen” ti Jámánì tan. Òun kan náà ni wọ́n ń lò fún ènìyàn, ewé, òjò, ilé àti ìjọba.

Yorùbá kì í kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò a máa rọ̀, ewé a máa rẹ̀, èso a máa já bọ́, ilé a máa wó, ènìyàn a sì máa ṣubú. Ẹni tó ṣubú ṣì lè dìde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tó wó, àfi kí ẹlòmíràn tún un kọ́. Ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé erin wó nígbà tí ẹni ńlá bá kú, nítorí kò sí ìdìde níbẹ̀ mọ́. Bí a bá fi èyí wọn ẹ̀kọ́ Augustine, ènìyàn tirẹ̀ wó ni, níwọ̀n bí kò ti lè gbé ara rẹ̀ dìde láìsí oore-ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ ìṣubú ni ìjọ Yorùbá pè é, ohun tó dára gidigidi ni, nítorí pé ìdìde wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ.

Ìmọ̀ àwọn baba ńlá kò tilẹ̀ fi ìṣubú bẹ̀rẹ̀ ayé. Odùduwà, baba Ajagunńlá tí àwọn Ọ̀ràngún, ọba Ìlá, ti ṣẹ̀, fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí Ifẹ̀ ni gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, iṣẹ́ ni ó sì bá wá. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìlá, gbà pé Ádámù ronú pìwà dà, Ọlọ́run sì dárí jì í, tí ọmọ kankan kò fi ní ru ẹrù baba rẹ̀.

Àmọ́ irọ́ ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Yorùbá kò mọ àbùkù tó ṣáájú ìbí. Àkúnlẹ̀yàn, ìyẹn yíyan orí lọ́run, lè já sí orí tí kò jinná dáadáa nínú iná Àjàlá amọ̀kòkò, ẹni tó yàn án kò sì mọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Augustine ni pé ti oníkálukú ni, kì í ṣe ogún ìran, ó sì ní àtúnṣe tí ọwọ́ ènìyàn lè dé. Ẹni tí ìṣubú rẹ̀ bá ti ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ a bọ orí: a fi omi tútù àti obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin kan iwájú orí, a sọ ohun tó ń fẹ́, a pa obì náà, a dà á sílẹ̀; bí awẹ́ méjì bá kọjú sókè tí méjì sì dojú délẹ̀, ó yàn nìyẹn.

Òwe pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, wà nínú ìmọ̀ kan náà. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú, ó sì lè bá a lójú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ rìn, láìdé ọgbà Édẹ́nì. Ìbéèrè tí èyí fi sílẹ̀ fún ìjọ kò tíì gba ìdáhùn tó tó: bí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ ogún, kí ni àgbà tó wẹ̀yìn ń wò?