Ta Ló Ni Èémí?

Èémí kan náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tó ń gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà Àkókó fi ń gun òkè, òun náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Bí òkè bá ti ń ga sí i, ọ̀rọ̀ á máa já mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu: á pe ọ̀rọ̀ méjì, á mí hẹlẹ, á tún pe ẹyọ kan.

Ta wá ló ni èémí yìí?

Onígbàgbọ́ ní Olúwa ló mí èémí ìyè sí ihò imú Ádámù. Mùsùlùmí Ìkàrẹ́ Àkókó gbà pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ̀mí sí ara tó fi amọ̀ dá. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní Òrìṣàńlá mọ ara tán, ó ku Olódùmarè kó tó di alààyè. Lórí èyí, ẹnu wọn kò.

Ìmọ̀ ìṣègùn ò já wọn nírọ́. Tí ara bá sinmi, bí ìdajì lítà afẹ́fẹ́ là ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan. Iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pààlà àyà àti ikùn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé. Lórí òkè, iṣan ọrùn á bá a dá sí i, ti ikùn á máa ti afẹ́fẹ́ síta. Síbẹ̀, bó ti wù kí géńdé mí síta tó, lítà kan lé díẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ládánì tó ń fa ohùn gùn níbi ìpè ìrun mọ afẹ́fẹ́ ṣọ́ ná, ṣùgbọ́n kò lè ná èyí tó ṣẹ́ kù yẹn. Ẹni tó sì di èémí mú, ọpọlọ rẹ̀ á mú un mí tipátipá láìpẹ́.

Èémí ò sí níkàáwọ́ wa pátápátá; ìdí nìyí tó fi dunni bí àwọn kan bá ń pe gbígbé oògùn ikọ́ fée lọ síbi àdúrà ní àìnígbàgbọ́. Nígbà tí ikọ́ fée bá dé, ọ̀nà atẹ́gùn á fún, èyí tó wọlé ò ní ráyè jáde dáadáa. Afẹ́fẹ́ àlòkù á kún àyà, tuntun ò ní ríbi wọ̀, ẹni náà á sì máa japoró afẹ́fẹ́. Àwọn tó yí i ká á máa pariwo pé, “Mí sínú!” Bẹ́ẹ̀, mímí síta gan-an ló le jù fún un. Oògùn tó ń fín sí ọ̀fun á dẹ iṣan ọ̀nà atẹ́gùn, afẹ́fẹ́ á sì rọ́nà jáde. Ẹni tó lò ó kò bá Ọlọ́run du nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ẹni tó ní kó ju oògùn nù ló yẹ ká bi pé ta ló fún un láṣẹ lórí èémí ẹlòmíì.