Bí Agbára Kò Bá Lè Parun, Kí Ni Ìfiṣòfò?



Àwọn amòye ti fi hàn wá pé agbára kì í parun. Àwọ̀ ni ó ń pa dà. Ní ọdún 1845, James Joule, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ohun wíwúwo tí ń sọ̀ kalẹ̀ ro omi nínú agolo, omi náà sì gbóná díẹ̀. Ǹjẹ́ bí ohun kan kò bá lè ṣègbé, a ha lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó fi í ṣòfò bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo omi ìwẹ̀. Ooru tí yóò fi ìwọ̀n 10 kún gbígbóná omi lítà 20 kò ju èyí tí ó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ èédú kan lọ. Ṣùgbọ́n èédú a máa mú irin pọ́n lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá ki irin bọ inú omi náà títí di alẹ́, irin kò ní rọ̀. Iye wọn dọ́gba, ipò wọn kò dọ́gba.

Sadi Carnot, ará Faransé, kọ́ni ní ọdún 1824 pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ibi gbígbóná àti ibi tútù ni ó ń mú kí ooru lè ṣe iṣẹ́. Nípa òfin yìí, bí oru omi bá gbóná dé ìwọ̀n 100, tí ibi tí ó ń lọ sì jẹ́ 30, ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kò lè sọ ju ìdá 19 nínú 100 ooru náà di iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo iná mànàmáná ni a lè sọ di ooru. Àtisọ̀kalẹ̀ kò ní ìdènà. Àtigòkè ni oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí onífiṣòfò ń pa run kì í ṣe agbára, bí kò ṣe ìwúlò rẹ̀. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ amúnáwá kékeré láti fi gbé omi ìwẹ̀ kaná ti jẹ́ kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára epo rẹ̀, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, bá èéfín àti gbígbóná ẹ̀rọ lọ. Oòrùn ìbá sì ti bá a ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àgbá dúdú. Fìtílà akẹ́kọ̀ọ́ àti fìríìjì oògùn ilé ìwòsàn ni iná náà yẹ fún.

Ẹnìkan lè wí pé, “Owó mi ni mo fi rà á.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n owó a máa ra epo mìíràn ni, kò lè ra ìwúlò èyí tí ó ti jó padà. Nígbà tí a bá sì ń bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìríjú, kí a má ṣe bi í léèrè iye tí ó ná nìkan, bí kò ṣe bóyá ó fi èyí tí ó níye lórí ṣe iṣẹ́ èyí tí ó rẹlẹ̀. Ta ni yóò fi aṣọ àlà nu ilẹ̀, nígbà tí àkísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?