Olùkọ́ Tí A Ti Kọjá Lọ́nà



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá lẹ́yìn àsàlátù: “Alfa, ayé wa dúró sójú kan. À ń kírun, à ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò jí. Níbo la ti máa rí ẹni tí yóò ta wá jí?”

A kò fi ìbéèrè yìí ṣeré, nítorí ó ti ṣe àwa náà rí. Nígbà tí a parí ní yunifásítì tí a padà sídìí iṣẹ́ ilé kéú, ọdún ń gorí ọdún: ìwé kan náà, pátákó kan náà, àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe àwọn ẹ̀gbọ́n wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ànábì Mùsá, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pẹ̀lú Khidr, nínú Súrà Káfì, láti áyà 60 dé 82. Hádíìsì tí Buhari gbà wá ṣàlàyé pé wọ́n bi Ànábì Mùsá léèrè pé ta ni ó mọ̀ jù nínú ènìyàn, ó sì dáhùn pé òun ni. Ọlọ́hun bá a wí, Ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹrú Òun kan wà níbi tí òkun méjì ti pàdé, tí ó ní ìmọ̀ tí Mùsá kò ní. Ànábì mà ni o! Síbẹ̀ ó gbé ẹja sínú agbọ̀n, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, ó ń wá olùkọ́ lọ.

Ibi tí ẹja bá ti sọnù ni wọn yóò ti bá ẹni náà. Ẹja sọnù lóòótọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbàgbé láti sọ, wọ́n sì kọjá lọ. Hádíìsì náà sọ pé kò rẹ Ànábì Mùsá àfi ìgbà tí ó ti kọjá ibi tí a júwe fún un. Ìgbà náà ni ó béèrè oúnjẹ, tí ọ̀rọ̀ ẹja fi jáde, tí wọ́n sì tọ ipa ẹsẹ̀ ara wọn padà.

Ṣé ẹ rí i? Ó rẹ àwa náà, a sì rò pé iwájú ni olùkọ́ wà, pé oníwàásù olókìkí tí à ń gbọ́ lórí fóònù ni, ẹni tí kò mọ orúkọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ti kọjá àgbà tí ó kọ́ wa ní álífù, nítorí pé a ti gba ìwé ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá atọ́nà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí kan náà pa ọmọ kéú lẹ́nu mọ́: Khidr da ọkọ̀ lu, ó pa ọmọ, nítorí náà ẹ má bi Alfa léèrè. A kò fara mọ́ ọn rárá. Khidr sọ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú òun ni òun ṣe. Alfa wo ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ fún lónìí? Ànábì Mùsá pàápàá, tí ó ti ṣèlérí sùúrù, kò lè dákẹ́ nígbà tí ó rí i. Arábìnrin, bí alfa bá ní kí o wá bá òun nìkan nínú yàrá, kì í ṣe àṣírí ìmọ̀, dìde kí o máa lọ. Ìbáwí olùkọ́ àti ẹ̀kọ́ tí kò tíì yé wa ni a ń ní sùúrù fún, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori (1917–1992), tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ẹsẹ̀ olùkọ́ púpọ̀ ni ó jókòó sí.

Ní ti àwa, a padà sọ́dọ̀ àgbà tí ó kọ́kọ́ fún wa ní wàláà. A rò pé yóò gbà wá níyànjú. Ó ní kí a ka ojú ewé kan nínú ìwé tí a ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ tipẹ́. Ó dá wa dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, a sì sọ ọ́ wéré.

Ó ní, “Ohun tí mo sọ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré nìyẹn. Kí ni ìwọ fúnra rẹ ti rí níbẹ̀ láti ìgbà náà?”

A kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí a máa bọ̀ lọ́jọ́ Alámísì. À ń lọ di òní.