Owó-Iṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Igbó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá igi àti koríko, tí ó sì fi ilẹ̀ ṣe àgbàfipamọ́ sọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé sí Ìbàràpá. Láti Erúwà dé Láńlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìgàngán, koríko ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹni tí ó ń fi iná dẹ ọ̀yà lè jó oko káṣú ẹlòmíràn run kí oòrùn tó wọ̀. Ta ni a máa ń ké pè? Panápaná tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, àti ẹ̀ṣọ́ igbó ọba, ẹni kan tàbí méjì níbi tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. A kì í béèrè ohun tí wọ́n gbà ní ìparí oṣù.

Nígbà tí Ànábì Musa sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé ibi omi Madiyana, ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò ráyè fún ẹran wọn lómi. Ó bá wọn fún ẹran wọn lómi, ó sì lọ sábẹ́ ibòji. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ bàbá wọn ránṣẹ́ pè é kí ó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Baba arúgbó yẹn kò sọ pé Ọlọ́hun yóò san án fún un. Àwa ńkọ́? "Ọlọ́hun á san án fún ẹ" ti di ohun tí a fi ń san gbèsè. Àdúà ni, kì í ṣe owó oṣù.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé kọ́ńgò àwọn oní-gàrí nìkan ni Sura Al-Mutaffifin ń bá wí. Ní òye tiwa, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ènìyàn púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ó sì san owó tí kò tó ti ẹnì kan, kọ́ńgò tí kò kún ni ó mú lọ́wọ́.

Igbó Olókemejì, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1899, kò jìnnà sí wa. Ní 1929 àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀: wọ́n ń sun apá kan ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń sun òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀kẹta kí iná má kàn án. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ di ọ̀dàn tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ di igbó dídí. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí wọn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù tí ó kéré jù sí 70,000 náírà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde 80,000. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ bá tilẹ̀ gbà á pé, kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ná ọjà Igbó-Ọrà bá wa ṣírò rẹ̀: ìrẹsì, epo, owó ilé-ìwé, fún ẹni tí yóò wọ igbó tí àwọn agbébọn wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì 2026, wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ 5 nínú àwọn tí ń ṣọ́ igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Àwa tí a rí ohun tí ojú Ìgàngán rí ní Júùnù 2021, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé igbó tí kò ní ẹ̀ṣọ́ fún wa.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ a máa gba rìbá lọ́wọ́ agégẹdú. Hàráámù ni, a kò ní bò ó. Àmọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ̀ṣọ́ ní owó oṣù mẹ́ta ti bá agégẹdú ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ wà ní sàfù wa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi iṣẹ́ yín: kí wọ́n gba ènìyàn kún wọn, kí owó wọn má pẹ́. Ẹ̀yin olóko tí ẹ ń háyà àwọn ọmọ láti ro etí oko káṣú yíká nítorí iná, Ànábì wa kọ́ wa pé kí alágbàṣe gba owó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ má sọ pé kí wọ́n dúró dìgbà tí káṣú bá tà. Ẹni tí ó bá jẹ wọ́n ní owó ọjọ́ Àlàmísì, kí ó san án lónìí.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ àwọn tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó ṣe alábòójútó àwọn ọmọ wọn. Àmín.