Ohun Tí Máàpù Mọ̀ Nípa Igbó

Máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn máa ń fa ìlà yí òkè ká; gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà kọjá ló ga dọ́gba. Níbi tí àwọn ìlà bá ti fún mọ́ra, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ó tẹ́jú. Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà méjì ni kìlómítà kan. Ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Òdígbó, ìlà wọ̀nyí kò pọ̀. Ní Ìdànrè, níhà àríwá ìlà-oòrùn, ńṣe ni wọ́n ṣù jọ.

Ṣé ohun tí máàpù kò yà kò sí ni? Òkè Orósùn ní Ìdànrè ṣeé wọ̀n. Òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ kò ṣeé wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìlà máàpù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọdẹ tó fẹsẹ̀ kọ ọ́ rí. Ààlà igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa náà, ojú kì í sábà rí i, síbẹ̀ ẹ̀ṣọ́ igbó lè mú ẹni tó bá ré e kọjá. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: ẹnikẹ́ni tó ní irinṣẹ́ lè tún gíga òkè wọ̀n, ti òrìṣà àti èèwọ̀ igbó sì rèé, ẹnu àgbà la ti ń gbọ́ ọ.